Ẹbí dà nínú care plan yìí? Èsì fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé sí mi, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún kejì ni mo wà, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n fi mí sí báyìí. Ọmọkùnrin ọdún 7 kan tó ní sickle cell ni mo fi ń ṣe care study mi, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ló ń ro ó tí wọ́n fi gbé e wá. Mo ti kọ care plan mi tán, mo kọ ìrora, mo kọ omi ara, mo kọ ibà, mo wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé màá dá ẹbí lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó máa lọlé. Tútọ̀ mi dá a padà, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé 'ẹbí dà?' Mà, mo kọ ẹbí síbẹ̀ o. Ìyá ọmọ yẹn gan-an kì í sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń dáhùn gbogbo ohun tí mo bá bi wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni wọ́n ṣe ń fi ẹbí sínú nursing process gan-an?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè, má sì jẹ́ kí bírò pupa yẹn bà ẹ́ nínú jẹ́ rárá, torí ìbéèrè tí tútọ̀ ẹ bi ẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ò ní lè dáhùn ẹ̀ bí wọ́n bá bi wọ́n lójijì. Òótọ́ ni pé o kọ ẹbí síbẹ̀, àmọ́ wo ibi tó o kọ wọ́n sí ná. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni, lẹ́yìn tó o ti wo ọmọ, tó o ti sọ ohun tó ń ṣe é, tó o ti pinnu ohun tó o máa ṣe, tó o sì ti ṣe é tán, ìgbà yẹn lo wá ń pe ẹbí, bí ẹni tí wọ́n pè wá sípàdé nígbà tí wọ́n ti ń kó àga. Ohun tí tútọ̀ ẹ ń bi ẹ́ ni pé, ibo lẹbí wà nígbà tó ò ń ṣe assessment, ìyẹn wíwò àti bíbéèrè, ibo ni wọ́n wà nínú diagnosis, ìyẹn ohun tó o kọ pé ó ń ṣe wọ́n, àti pé ta ló bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ibi tọ́rọ̀ yìí ti wá díẹ̀ torí wọ́n lè bi ẹ́ nínú ìdánwò. Ida Jean Orlando ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé nursing process jáde, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé láti tọ́jú aláìsàn, ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 1961, Yura àti Walsh wá tò ó sí ipele mẹ́rin lọ́dún 1967, nígbà tó di 1973 ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà ya diagnosis sọ́tọ̀ sínú ẹ̀, ó wá di márùn-ún tí gbogbo wa kọ́ sórí: assessment, diagnosis, planning (ṣíṣètò), implementation (ṣíṣe é), evaluation (wíwò bóyá ó ṣiṣẹ́). Ọ̀rọ̀ láàárín nọ́ọ̀sì kan àti aláìsàn kan ló bẹ̀rẹ̀ sí, fọ́ọ̀mù tiwa náà, orúkọ ẹnì kan péré ló láàyè lókè. Ọ̀rọ̀ ẹbí gba ọ̀nà míì wá. Nílùú Ọba láyé ọjọ́un, wọ́n lè gba ọmọ kékeré sí ọsibítù kó má rí ìyá ẹ̀ ju ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, Platt Report, ìròyìn ìgbìmọ̀ ìjọba ibẹ̀ lórí àwọn ọmọdé ní ọsibítù, tó jáde lọ́dún 1959 ló sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n jẹ́ káwọn òbí máa wá wo ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́, kí ìyá tó bá sì ráyè sùn ti ọmọ ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹbí ò fìgbà kan kúrò ní wọ́ọ̀dù. Àwọn ló ń sáré ra oògùn, àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, àwọn ló ń se oúnjẹ wá, àwọn ló ń wẹ aláìsàn, àwọn ló ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí dókítà bá sì ní ká wá ẹ̀jẹ̀, àwọn náà la máa ń ní kó wá fún wa. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń rò pé àwa ti ń ṣe family-centred care, ìyẹn ìtọ́jú tí ẹbí ń bá wa dá sí, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A ò ṣe é o. Ìránṣẹ́ la sọ wọ́n dà. Èèyàn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ẹnikẹ́ni má bi í rí pé, mà, kí lẹ̀yin rò pé ó ń fa àìsàn yìí, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nílé kó tó di pé ẹ gbé e wá. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn nínú iṣẹ́ wa.

Màá fi ẹbí kan ṣàlàyé fún ẹ, kì í ṣe ẹbí ẹnì kan pàtó, irú àwọn tí mo máa ń bá pàdé ni mo kó pọ̀. Ká sọ pé ọmọ ọdún 7 náà jẹ́ SS, kílò 20 ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin ọmọ ọdún 10, ó ní àbúrò ọmọ ọdún 2. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ìyá ń ta tòmátò lọ́jà Bódìjà, ìyá bàbá wọn ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ kan ti kú kó tó pé ọdún kan, ibà ni wọ́n ní ó pa á.

Ibi assessment ló yẹ ká pẹ́ sí jù, torí tí ibẹ̀ bá ti wọ́, gbogbo ohun tó kù á wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, má lé ìyá àgbà, má sì wò wọ́n bí ẹni tó ń dí ẹ lọ́wọ́. Àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn, bóyá àwọn gan-an ló ń ṣọ́ ọmọ náà nígbà tí ìyá ẹ̀ bá wà lọ́jà, àwọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ tára ẹ̀ bá gbóná. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, "ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o mà, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ jẹun ọmọ", kó o tó mú bírò jáde. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń rí lára ọmọ náà tó fi ń hàn pé ìrora ti ń bọ̀. Wàá gbọ́ ohun tí kò sí nínú fáìlì. Wọ́n á ní ó máa ń dákẹ́ láti ìrọ̀lẹ́, kì í fẹ́ jẹun, á máa fi ẹsẹ̀ kan tiro, ojú ẹ̀ á máa pọ́n bí àwọ̀ òróró ẹyìn. Gbogbo ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tiwọn, assessment nìyẹn.

Bí wọ́n bá sọ pé àbíkú ni, má rẹ́rìn-ín, má sì bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn jiyàn. Àwọn ìyá wa àtijọ́ rí i pé ilé kan wà tí ọmọ ti máa ń kú léraléra, ohun tójú wọn rí ò purọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell yìí, ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. O lè sọ fún wọn pé, mà, òótọ́ lẹ rí, àwa náà ti wá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń fà á, ó sì ní ìtọ́jú. Tó o bá ti fi wọ́n ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní sọ àgbo tí wọ́n ń fún ọmọ náà fún ẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ dókítà nílò àtimọ̀ ọ́n.

Ìyá ọmọ wá ńkọ́, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Iwájú ìyá ọkọ, kò ní sọ̀rọ̀, má fipá mú un. Dúró di ìgbà tó bá fẹ́ wẹ ọmọ, sọ fún un pé ẹ jẹ́ ká jọ wẹ̀ ẹ́ mà, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Nígbà tọ́wọ́ yín méjèèjì bá wà nínú omi, bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú àìsàn yìí? Kó o wá dákẹ́. Dákẹ́ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wàá ti gbọ́ pé ọjọ́ Tuesday lára ọmọ ti gbóná, àmọ́ bàbá ẹ̀ wà ní Èkó, fóònù ẹ̀ ò lọ, kò sówó ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, ìyá ọkọ ní kóun dúró dìgbà tí ọkọ bá dé, òun ò sì lè dá gbé ọmọ jáde lóru. Di ọ̀rọ̀ yẹn mú o, a máa padà síbẹ̀.

Nígbà tí bàbá bá wá ní Sunday, mú bébà kan, ya ẹbí wọn lójú wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní genogram nìyẹn. Ọkùnrin, ya igun mẹ́rin. Obìnrin, ya róbótó. Ẹni tó ti kú, fi X dábùú ẹ̀. Fi ìlà so bàbá àti ìyá pọ̀, fa àwọn ọmọ sísàlẹ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n ọdún 10, ọmọ ọdún 7, èyí tó kú, àbúrò ọdún 2. Jẹ́ kí gbogbo wọn dá sí i, ìyá àgbà á máa sọ orúkọ àwọn tó o fojú fò, ìyẹn dáa. Ọ̀rọ̀ jẹnótáìpù ní tiẹ̀, bàbá àti ìyá nìkan ni kó wà níbẹ̀ tó o bá fẹ́ kọ ọ́ sí i, torí àṣírí wọn ni, kì í ṣe ohun tó o máa sọ lójú ìyá ọkọ tàbí lójú àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. AS lórí bàbá, AS lórí ìyá, SS lórí ọmọ ọdún 7. Wàá wá fi bírò ẹ sórí ọmọ ọdún 2, wàá bi wọ́n pé, èyí ńkọ́? Àwọn méjèèjì á wo ara wọn. Wọn ò tíì ṣe tiẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní ibà pa yẹn náà, ẹnikẹ́ni ò mọ jẹnótáìpù ẹ̀ kó tó kú. Bébà kan, bírò kan, o ti rí ọmọ kejì tó lè wà nínú ewu, tí kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì kankan nínú wọ́ọ̀dù ẹ.

Ibẹ̀ náà ni wàá ti yanjú ọ̀rọ̀ ta ló kó àìsàn yìí wá. Bàbá á ní kò sí i nídìílé tàwọn. Ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọmọ tó jẹ́ SS, ó gba S kan lára bàbá, ó gba S kan lára ìyá, kò sí ẹni tó lè dá kó o wá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25%, pé kó jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé tí ẹnì kan bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, oyún tó bá tún dé, ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn náà ló máa tún bá. Tí bàbá bá wá mú ìwé tó sọ pé AA lòun wá, má sọ nǹkan kan níbẹ̀ o, àwọn láàbù kan máa ń ṣe àṣìṣe gan-an, lọ bá sístà tó wà lórí wọ́ọ̀dù tàbí dókítà, kí wọ́n tún un ṣe níbi tó ṣeé fọkàn tán. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Tí wọ́n bá ní kó o sọ ìlànà tó o tẹ̀ lé, Calgary Family Assessment Model ló rọrùn jù láti dárúkọ, Lorraine Wright àti Maureen Leahey ní Kánádà ló gbé e jáde lọ́dún 1984. Nǹkan mẹ́ta ló ní ká wò, àwọn tó wà nínú ẹbí àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra, ibi tí ẹbí dé nínú ìrìn àjò ayé wọn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan pọ̀ lójoojúmọ́, títí kan ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ kì í jáde. Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò sáyè fún un, àwọn méjì yìí kan náà ló ní ìṣẹ́jú 15 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ gan-an ti tó láti bá ẹbí sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀.

Ó di diagnosis. Ìrora tó o kọ dáa, fi í sílẹ̀, ọmọ ló ń jẹ ìrora. Àmọ́ ibi tí gbogbo yín ti máa ń tẹ̀ sí ni "deficient knowledge", ìyẹn pé wọn ò ní ìmọ̀, ẹ máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ẹbí tó bá ti wọlé, inú mi kì í dùn sí i. Rántí ohun tí ìyá yẹn sọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wẹ ọmọ. Ìyá yẹn mọ̀ pé ó yẹ kóun gbé e wá, ìmọ̀ kọ́ ló ṣaláìní, owó ọkọ̀ àti àṣẹ ló ṣaláìní. Tó o bá kọ pé kò mọ̀, wàá jókòó wàá máa kọ́ ọ ní ohun tó ti mọ̀, á máa dáhùn "ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì", á lọlé, á sì tún pẹ́ kó tó dé nígbà míì. Tó o bá kọ ohun tó rí gan-an, ọwọ́ ẹ á kan nǹkan míì. Kọ "interrupted family processes", ìyẹn pé ìgbé ayé ẹbí ti dàrú, kí ìdí ẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń gba ọmọ náà wọ ọsibítù léraléra, kí ẹ̀rí ẹ̀ jẹ́ pé ìsọ̀ ìyá ti wà ní títì, pé ẹ̀gbọ́n ọdún 10 ò lọ ilé ìwé torí òun ló ń ṣọ́ kékeré nílé, pé bàbá àti ìyá ń bára wọn jà lórí ẹni tó fà á. Kọ "caregiver role strain", ìyẹn pé ìtọ́jú ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fún ìyá tí kò sùn, kọ ohun tó fẹnu ara ẹ̀ sọ sábẹ́ ẹ̀. Wá wá agbára tí wọ́n ní náà, kọ ọ́, torí ẹbí tí ìyá àgbà ti mọ àmì ìrora ṣáájú gbogbo èèyàn, agbára ńlá nìyẹn. Care plan tó jẹ́ àléébù nìkan ló kún inú ẹ̀ ò tíì mọ ẹbí náà.

Planning ni ibi tí ẹbí ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Bi wọ́n. Kì í ṣe ohun tó o rò ni wọ́n máa sọ. Ìyá lè ní kóun kàn ṣáà lè padà sọ́jà lọ́jọ́ tí wọ́n ń ná tòmátò. Ọmọ fúnra ẹ̀, bi í, ọmọ ọdún 7 ní ẹnu, ó lè sọ pé òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá á ní kówó má parí. Látinú ìyẹn lẹ máa jọ kọ góòlù tó ṣeé wò tó ṣeé wọ̀n, bíi: kó tó di pé wọ́n lọlé, ìyá, bàbá àti ìyá àgbà á lè fi tẹmọ́mítà wo ara ọmọ lójú nọ́ọ̀sì, wọ́n á lè dárúkọ àwọn àmì tó túmọ̀ sí pé ọsibítù yá lónìí, wọ́n á sì ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa gbé ọmọ jáde lóru tí bàbá ò bá sí nílé, àti ibi tí owó ọkọ̀ á wà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀. Jẹ́ kí bàbá sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ lójú ìyá ẹ̀ pé, "tára ẹ̀ bá ti gbóná, ẹ má dúró dè mí." Bí kò bá lè wá, pè é lórí fóònù, kó sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè gba ẹ̀mí ọmọ ju gbogbo ìwé tó o fún wọn lọ.

Owó náà, má fò ó. Bi sístà bóyá ìpínlẹ̀ yín ní ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ fún, Ọ̀yọ́ ní in, sọ fún wọn nípa Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, bàbá tó ń wa ọkọ̀ lọ Èkó lójoojúmọ́ lè yà síbẹ̀.

Tó bá kan implementation, ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kò sídìí tó o fi máa dúró de ọjọ́ tí wọ́n ń lọlé, torí lọ́jọ́ yẹn bíìlì ni wọ́n ń rò, etí wọn ò sí níbẹ̀. Gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ. Ìrora, fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí dé ojú tó ń sunkún han ọmọ náà, kí ìyá ẹ̀ máa kọ nọ́ńbà tó bá mú sílẹ̀ kó tó lo oògùn àti lẹ́yìn tó lò ó, nígbà tí wọ́n bá délé á ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Omi, má sọ "kó máa mu omi púpọ̀", púpọ̀ ta ni? Ọmọ kílò 20, nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ ló nílò lójúmọ́, píọ́ wọ́tà mẹ́ta nìyẹn, tó bá jẹ́ oníhalf lítà. Kí wọ́n kó mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un láàárọ̀, kílẹ̀ tó ṣú kó ti tán, tóòrùn bá mú tàbí tára ẹ̀ bá gbóná á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé máa lè ka píọ́ wọ́tà mẹ́ta.

Tẹmọ́mítà, ìyá àgbà á fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó, jẹ́ kí wọ́n fi wò ó, kó o wá ti tẹmọ́mítà bọ abíyá ọmọ, ẹ jọ dúró kó dún, ẹ jọ ka nọ́ńbà. 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe lẹ́yìn àgbo, torí kòkòrò tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ SS máa ń yára pa wọ́n. Bákan náà ni tó bá ń mí tìràtìrà tí àyà ń dùn ún, tí ojú tàbí apá ẹ̀ kan bá dẹ̀ lójijì, tó bá funfun lójú lójijì tó ń rẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin sì ni, nǹkan ọkùnrin ẹ̀ lè nà kó máa dùn ún kó má rọ̀, tó bá ti tó wákàtí méjì kí wọ́n máa gbé e bọ̀, bá bàbá sọ èyí lọ́tọ̀ torí ìyá lè tijú ẹ̀, ọmọ náà á sì máa fi pamọ́.

Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ìyá àgbà máa ń fi aṣọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ jó o, ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é lọ, omi tútù àti yìnyín ni kí wọ́n má gbé débẹ̀. Àgbo, sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé a ò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ẹ̀, kíndìnrín ọmọ yìí ò sì lágbára, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a dúró. Folic acid ojoojúmọ́, oògùn ibà tí dókítà kọ fún dídènà, kí ìyá àti ìyá àgbà jọ mọ àkókò ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń bi gbogbo ẹbí, torí wọn kì í dá sọ ọ́: ṣé ó ń tọ̀ sílé? Ọ̀pọ̀ ọmọ SS ló ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi dàgbà díẹ̀, torí kíndìnrín wọn kì í lè fa omi padà dáadáa, ìtọ̀ á wá pọ̀. Nínú ilé púpọ̀, ńṣe ni wọ́n ń nà án lórí ẹ̀, wọ́n ń dójú tì í lójú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, àwọn míì á tún dín omi rẹ̀ kù lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdínkù omi yẹn gan-an ló lè mú ìrora dé. Ṣàlàyé èyí fún bàbá, fún ìyá, fún ìyá àgbà, fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà. Kọ lẹ́tà kékeré sí tíṣà ẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n jẹ́ kó máa gbé omi wọ kíláàsì, kí wọ́n jẹ́ kó jáde lọ tọ̀ tó bá ní kóun lọ, kí wọ́n má jẹ́ kó dúró sínú òjò tàbí kí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ fún ìjìyà.

Ọmọ ọdún 2 yẹn wá ńkọ́? Kí wọ́n ṣe jẹnótáìpù ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ SS, dókítà á fi sórí penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ó kéré tán títí á fi pé ọdún 5, wàá sì kọ́ ìyá àti ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wo spleen, èyí tó wà lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà. Ọmọ á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á fi orí ìka tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, tí wọ́n bá bá nǹkan líle tó ń yọ sísàlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ, tí ọmọ sì funfun, ẹ̀jẹ̀ ti ń kóra jọ síbẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n máa sáré bọ̀. Ní Jàmáíkà wọ́n kọ́ àwọn ìyá lásán bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1985 pé iye àwọn ọmọ tó ń ti ibẹ̀ kú dín kù gidi. Nítorí náà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ìyá ọlọ́jà ò lè ṣe irú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọdún 10 yẹn náà, jókòó tì í tó bá wá. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé àbúrò àwọn máa kú, tàbí pé àwọn làwọn fà á ní ọjọ́ táwọn jọ jà, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Evaluation, má kọ "goal met" torí pé wọ́n ń mi orí sókè sódò. Àwọn èèyàn wa á bẹ̀rù ẹ, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Ní kí wọ́n fi hàn ẹ́. Fún ìyá àgbà ní tẹmọ́mítà, fún ìyá ní oògùn kó tò ó bó ṣe máa fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, sọ fún bàbá pé, ká ní aago méjì òru nìyí, ara ẹ̀ gbóná, ẹ ò sí nílé, ta ló máa ṣe kí ni? Tí ẹnu wọn ò bá kò, góòlù ò tíì pé, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó ń tini lójú nínú ẹ̀. Ibi tí èsì gidi wà ni ọjọ́ clinic tí wọ́n bá padà wá, tàbí tí wọ́n bá fi ẹ́ sí community tó o lè lọ sílé wọn. Wò ó bóyá wọ́n tètè dé sí i ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ta ló gbé e wá, ṣé wọ́n ti ṣe jẹnótáìpù kékeré, ṣé ẹ̀gbọ́n ti padà sílé ìwé. Bí wọ́n bá tún pẹ́ kí wọ́n tó wá, má bú wọn. Padà sí assessment, bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, bóyá owó ọkọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ yẹn ti di owó oúnjẹ, ẹ máa wá ibòmíì fi í sí.

Nínú care study ẹ, lo lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn nìkan, fi genogram síwájú, kó o yọ ìlà tó o kọ sí ìsàlẹ̀ yẹn kúrò pátápátá, kí àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀ fọ́n sínú ipele márààrún. Gba àyè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá kó o tó kọ jẹnótáìpù wọn síbẹ̀. Lálẹ́ yìí kan náà, tó o bá ṣì wà lórí ṣífùtù, lọ bi àwọn òbí ọmọ tìẹ bóyá wọ́n ti ṣe jẹnótáìpù àwọn ọmọ wọn tó kù, tí wọ́n bá ní láàbù yín ń ṣe é ní òwúrọ̀, bá wọn gba fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Tó o bá tún un kọ tán tí tútọ̀ ẹ ṣì kọ nǹkan pupa sí i, fi ránṣẹ́ sí mi ká jọ wò ó.